Ìbéèrè Nípa Ìwà: Ohun Tí Àwọn Ọ̀dọ́ Ń Bi Mí Ní Kàbà, Àti Èsì Mi

Kajú ni mò ń rà ní Kàbà. Láti oṣù kejì ọdún títí wọ oṣù karùn-ún, ẹ ò lè rí mi kí n jókòó. Tí ìgbà kajú bá ti kọjá, mo máa ń ráyè, àwọn ọmọ tí mo kọ́ nígbà tí mò ń ṣe tíṣà á sì wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. A ó jẹ ẹ̀pà, a ó ṣàròyé lórí bọ́ọ̀lù àti ìjọba, kó tó di pé ẹnì kan á ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè kan.” Àwọn tí ojú ń tì á dúró di òru, wọ́n á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo ti kó èyí tó máa ń padà wá jù jọ síbí, kí n má baà máa tún un sọ lọ́dọọdún. Mi ò kì í ṣe pásítọ̀, mi ò kì í ṣe lémọ́mù. Èmi náà ní àbùkù, ẹ ó sì bá ọ̀kan nínú rẹ̀ pàdé tí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀.

Kí ni ìwà gan-an? Ṣé òun náà ni ìhùwàsí?

“Wà” ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Tí a bá ní nǹkan wà, a ń sọ pé ó ń bẹ láyé. Bí o ṣe wà ni ìwà rẹ. Èdè wa kò ya wíwà láàyè àti ìwà sọ́tọ̀ rárá, ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pe méjèèjì. Ìhùwàsí jẹ́ ohun tí ojú rí ní ọjọ́ kan. Ẹni tó kí ọ dáadáa lánàá ti hùwà dáadáa lánàá. Bóyá ó ní ìwà, jẹ́ ká dúró di ọjọ́ tí ebi bá ń pa á, tí kò sì sẹ́ni tó ń wò ó.

Àwọn babaláwo máa ń sọ ìtàn obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìwà, ìyàwó Ọ̀rúnmìlà, ọmọ Sùúrù, ọmọ-ọmọ Olódùmarè. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n àwọn ìṣe rẹ̀ kan kò bá ọkọ rẹ̀ lára mu, ọkọ sì lé e lọ. Kò pẹ́ tí nǹkan fi dàrú mọ́ ọkùnrin náà lọ́wọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri láti ilé dé ilé. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn yìí ni pé Ìwà fúnra rẹ̀ kò pé. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìwà bá òun gbélé ní láti ní àmúmọ́ra, torí pé Sùúrù ni baba rẹ̀, kò sì jọ pé ó máa fi ọmọ rẹ̀ fún aláìlera ọkàn.

Ta là ń pè ní ọmọlúàbí?

Ẹ ti há a sórí nílé ìwé: ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tó ń tẹrí ba, tó ń ṣe rere sí ọmọnìkejì, tó ń sọ òtítọ́, tó láyà, tó ń ṣiṣẹ́, tó ní làákàyè. Gbogbo rẹ̀ ló tọ́. Mo kàn fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Mo mọ ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́jẹ́ tí ẹnu wọn dùn, tó jẹ́ pé ìyá wọn ló ṣì ń pọnmi fún wọn.

Bàbá mi máa ń bínú gan-an, èmi náà ń bínú. Wọ́n ní àbínibí ni. Kí ni mo fẹ́ ṣe sí i?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí jù, ọmọkùnrin ló sì sábà máa ń bi í.

Òótọ́ ni pé o lè jogún iná inú. Bóyá wàá fi sun oko olóko tàbí wàá fi dáná oúnjẹ, ìyẹn ò sí nínú ogún. Aristotle, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìsì tó gbé ayé láti 384 sí 322 ṣáájú ìbí Jésù, sọ ọ́ lọ́nà tó yé mi. Ó ní òkúta tí o bá jù sókè nígbà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ kọ́ láti máa lọ sókè, torí wíwálẹ̀ ni àdámọ́ rẹ̀. Ti ìwà yàtọ̀. A kò bí i mọ́ wa tán, a ò sì bí wa kó má lè wọ̀ wá. A bí wa pẹ̀lú ara tó lè gbà á, ohun tí a bá sì ń ṣe lemọ́lemọ́ ló ń sọ ọ́ di tiwa. Bí èèyàn ṣe ń ti ara ilé kíkọ́ di kọ́lékọ́lé, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ti ara òdodo ṣíṣe di olódodo. Kò sí ọ̀nà míì. Ìwé kíkà nípa ilé kò mú bíríkì kan lé ìkejì.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ará Bùnú, máa ń hun aṣọ lórí òfì tó dúró lóòró mọ́ ògiri, irú èyí tí àwọn obìnrin wa ń lò. Ó sọ fún mi nígbà kan pé aṣọ àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin bá hun kì í gún. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń súnkì wọ àárín, torí pé ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ bó ṣe yẹ kó fa òwú tó, ó ń fà á jù. Wọn kì í tú u. Wọ́n á ní kó hun ìkejì. Mo bi í pé ìkelòó ló máa gún, ó ní, “Èyí tí kò bá ronú nípa ẹ̀gbẹ́ mọ́.”

Ìbínú rẹ, ọmọ mi, ẹ̀gbẹ́ aṣọ ni. Ṣì máa hun ún lọ.

Ó dáa, ìwà kan ti mọ́ mi lára. Báwo ni mo ṣe máa jáwọ́?

Benjamin Franklin, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1706, dán ohun kan wò nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ tí mo ti sọ fún ọ̀pọ̀ nínú yín. Ó kọ orúkọ ìwà rere 13 sílẹ̀: jíjẹ àti mímu níwọ̀n, ìdákẹ́, ètò, ìpinnu, títí lọ. Ó wá ṣe ìwé kékeré kan, ó fa ilà sí i bíi káàdì ìdánwò, ọjọ́ méje ní ìbú, ìwà 13 ní òró. Lálaalẹ́, á wo ọjọ́ náà láti àárọ̀, ibi tó bá ti ṣẹ̀, á fi àmì dúdú kékeré sí i. Ọ̀sẹ̀ kan ló ń fi ojú sí ìwà kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ 13 ló fi ń yí i ká, ìgbà mẹ́rin lọ́dún.

Ohun tó jẹ́ kí n gba ọkùnrin yìí gbọ́ ni bó ṣe sọ ìjákulẹ̀ rẹ̀. Ó ní ẹnu ya òun láti rí i pé àbùkù òun pọ̀ ju bí òun ṣe rò lọ. Ó ń ha àmì àtijọ́ kúrò kó lè rí àyè fún tuntun, títí ìwé náà fi di ihò. Ló bá kó o sórí ewé eyín erin tó ṣeé fi kànìnkànìn tútù nù. Ètò ló dà á láàmú jù, kò sì borí rẹ̀ títí tó fi darúgbó. Ìwà 12 ló sì kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló pè é sí kọ̀rọ̀ pé gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí agbéraga, ló tó fi ìrẹ̀lẹ̀ ṣe ìkẹtàlá. Ẹ rí i? Ohun tó burú jù lára rẹ̀ kò sí nínú ìwé tó fi ń ṣọ́ ara rẹ̀, ẹlòmíràn ló rí i.

Kí n tún fi ọ̀kan kún un, kí ẹ má baà ní mo ń gbé òyìnbó gẹ̀gẹ̀. Ọkùnrin yìí ra ẹrú. Ìgbà tó dàgbà tán ló tó yí padà, tó di ààrẹ ẹgbẹ́ tó ń jà fún òmìnira ẹrú ní 1787. Àwa tí ogun Tápà lé àwọn baba ńlá wa gun orí òkè, tí wọ́n ń kó wọn lẹ́rú lọ sí Bídá, a ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè pé ilà wo ni ìyẹn wà nínú ìwé ihò náà. Èyí kò sọ ìwé náà di yẹ̀yẹ́ lójú mi. Ó kàn jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹni tó bá ń yẹ ara rẹ̀ wò nílò ọ̀rẹ́ kan tí kò bẹ̀rù rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ìwà kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gun ọ̀kadà kọ “èébú” sẹ́yìn káàdì epo rẹ̀, ó ń fa ilà kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá bú lójú pópó. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ilà 19. Ó mú un wá fi hàn mí tẹ̀ríntẹ̀rín. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó ní ó ti di mẹ́rin tàbí márùn-ún, àfi lọ́jọ́ ọjà.

Gbogbo ọlọ́jà ló ń gé òṣùwọ̀n. Tí mi ò bá gé e, màá jẹ gbèsè. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọbìnrin tó bi mí ní ìbéèrè yìí ń ta gàrí. Ó mọ gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀: bí wọ́n ṣe ń lu ìdí kóńgò wọnú, bí wọ́n ṣe ń fi ìka méjì sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bù ú. Ó tún sọ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín: ẹni tó gé òṣùwọ̀n tán, tó wá fi èènì lé e, tí oníbàárà ń dúpẹ́. Nínú ohun tó jí lọ́wọ́ rẹ ló ti bu èènì fún ọ!

Mi ò lè dá a lóhùn bí ẹni mímọ́. Ohun tí mo sọ fún un nìyí.

Ọdún kan wà tí mò ń tún ògiri ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ṣe láàárín ìgbà kajú. Òjò rọ̀, ilẹ̀ tutù, ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ bá gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan lé orí ìwọ̀n kó má baà rin. Mo ń kọjá lọ, ojú mi bọ́ sára abẹ́rẹ́ ìwọ̀n. Ó dúró sí 47. Ta ni kò mọ̀ pé 50 kílò ni àpò sìmẹ́ǹtì? Mo ní kó gbé òmíràn síbẹ̀. 47 náà ni. Ìwọ̀n tí mo fi ń ra ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ń jẹ kílò mẹ́ta nínú gbogbo àpò tí àgbẹ̀ bá gbé wá.

Kì í ṣe èmi ni mo bà á jẹ́. Bí mo ṣe rà á ló ṣe wà. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo fi rọ ara mi lójú sùn, ó sì dùn mọ́ mi létí. Mo ní mo máa tún un ṣe tí ìgbà kajú bá parí. Mo ní àwọn tó kù lọ́jà, tiwọn burú ju èyí lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi lò ó lẹ́yìn tí mo ti mọ̀.

Ìyá àgbà kan wá láti ọ̀nà Bùnú. Òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló gbé àpò kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó ní wọ́n ti wọ̀n ọ́n nílé, 50 ni. Mo gbé e lé ìwọ̀n, mo ní, “Ìyá, 47 ni mo rí o.” Ó wo ìwọ̀n, ó wo ojú mi, ó tún wo ìwọ̀n. Ó ní, “Kò burú, ọmọ mi. Bóyá ó gbẹ lójú ọ̀nà.”

Kajú kì í gbẹ kílò mẹ́ta láàárín wákàtí méjì. Èmi mọ̀, òun náà mọ̀. Ó kàn fún mi ní ọ̀nà tí mo lè gbà yọ láìsí ìtìjú ni. Mo san owó kílò 47 fún un. Oúnjẹ ọjọ́ yẹn kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Nítorí náà, ìwọ tó ń ta gàrí, mi ò ní purọ́ fún ọ pé olódodo kì í pàdánù. Nígbà tí mo pààrọ̀ ìwọ̀n, èrè mi dínkù, ó sì tó ọdún méjì kí àwọn àgbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rán ara wọn sí mi. Tí o bá fẹ́ ta gàrí pẹ̀lú kóńgò tó pé, fi owó díẹ̀ lé e ní gbangba, kí o sọ ìdí rẹ̀. Àwọn kan á bínú lọ. Àwọn tó bá dé ilé tí wọ́n sì tún un wọ̀n á padà.

Ṣé sùúrù kì í sọ èèyàn di ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ?

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rù lo wọ aṣọ sùúrù fún. Aristotle yẹn náà ní ìwà rere sábà máa ń wà láàárín àṣejù àti àìtó: akínkanjú wà láàárín ojo àti aláìrònú tó ń sáré wọ iná. Ó tiẹ̀ fi ìbínú kún un. Ó ní ẹni tí kì í bínú sí ohun tó yẹ kó bínú sí, òmùgọ̀ la máa kà á sí. Ìbínú tó tọ́ ni èyí tí o ṣe sí ẹni tó yẹ, nítorí ohun tó yẹ, bó ṣe yẹ, fún ìgbà tó yẹ. Bínú sí ọ̀gá tó jẹ owó oṣù rẹ. Má lọ bínú sí ìyàwó rẹ nílé nítorí ọ̀gá.

Tí mo bá kúrò ní Kàbà lọ sí Àbújá, ayé mi á yí padà. Àbí?

Ìpínlẹ̀ Kwara ni wọ́n bí mi sí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, ìjọba ológun dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, mo sì di ará Kogi láìgbé ẹsẹ̀ kan. Ibùsùn kan náà, gbèsè kan náà, ọ̀lẹ kan náà. Lọ sí Àbújá tí iṣẹ́ bá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ náà lo máa bá pàdé ní ibùdókọ̀.

Ṣé dandan ni kí n dọ̀bálẹ̀ kí àgbà? Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ayé ti kọjá ìyẹn.

Jẹ́ kí n bi ọ́ ní tèmi. Kí ni wọ́n ń pè wá, àwa ará Owé, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀? Wọ́n ń pè wá ní Okun. Ìkíni wa ni wọ́n fi sọ wá lórúkọ. Tí o bá bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́, okun. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, okun. Ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé, okun. Agbára ni a ń gbàdúrà rẹ̀ fún ara wa. Wàá wá ní ohun tí a fi ń dá wa mọ̀ láàárín gbogbo Nàìjíríà kò bágbà mu?

Ní ti ìdọ̀bálẹ̀ gidi, tí ilẹ̀ bá ní ẹrọ̀fọ̀, tẹ orí rẹ ba, àgbà tó gbọ́n á gbà á. Èyí tí mi ò lè gbà ni ẹni tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọba lọ́jọ́ àjọ̀dún, tó sì ń jágbe mọ́ ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà ààfin.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ló ń bà mí jẹ́.

Àwọn náà wá bá mi. Ìwọ ni wọ́n dárúkọ.

Ọmọ yahoo kọ́lé, wọ́n fi jẹ alága ìkórè, wọ́n tún fún un lóyè. Kí ni ẹ fẹ́ kí n rí kọ́ nínú ìyẹn?

Mo máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí n tó dáhùn èyí, torí pé ẹ̀bi náà kò yọ àwa àgbà sílẹ̀. A mọ̀ pé kò níṣẹ́. A mọ ilé tí ó ń kọ́. Nígbà tí àpò ìjọ gbẹ, a lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú káàdì ìkésíni olómi góòlù. Lẹ́yìn náà, a padà wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí, à ń sọ fún yín pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Kò sí ọmọ tí kò ní rí i pé ẹnu wa méjì ni.

Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ nìkan ni mo lè bá ọ sọ. Ọkùnrin kan wà ní Róòmù àtijọ́ tó ń jẹ́ Epictetus. Ẹrú ni kí wọ́n tó dá a sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ju báyìí lọ: àwọn nǹkan kan wà ní ìkáwọ́ rẹ, àwọn kan kò sí. Èrò rẹ, ìpinnu rẹ, ohun tí o yàn tàbí tí o kọ̀, tìrẹ ni. Oyè, ọrọ̀, ohun tí aráyé ń sọ, ìyẹn wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Tí ẹrú tó yarọ bá lè sọ pé òun ní nǹkan kan tí olówó òun kò lè gbà, ìwọ tí ẹnikẹ́ni kò rà, máa wá tìrẹ.

Èmi ò lọ sí ìwúyè yẹn. Wọ́n bínú sí mi, aṣọ ẹbí tí mo ti san owó rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ìwà ẹni tí mo fẹ́ fẹ́?

Má wo bó ṣe ń ṣe sí ọ. Ìwọ ni ọjà tó fẹ́ rà, kò lè bú ọjà níwájú ọlọ́jà.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àáró ni wọ́n fi ń kọ ebè. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà tàbí mẹ́jọ á pàdé ní oko tìrẹ lónìí, oko tèmi lọ́tùnla, títí yóò fi kárí. Ebè iṣu gidi gbọ́dọ̀ jinlẹ̀, kí ilẹ̀ inú rẹ̀ rọ̀ kí iṣu lè rí ibi wọ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kan wà. Èèyàn lè ro ewé àti koríko jọ, kó fi ọkọ́ ha iyẹ̀pẹ̀ òkè bò ó. Tí o bá dúró lókèèrè, ebè náà ga, ó rí rogodo, ó dà bíi ti àwọn tó kù. Ẹni tó bá kọ irú ebè bẹ́ẹ̀ á tètè parí ìlà tirẹ̀, wọ́n á sì máa yìn ín. Nígbà tí òjò bá rọ̀ bíi mẹ́ta, ebè náà á rì. Nígbà tí wọ́n bá wa iṣu, á rí wẹ́lẹ́, á lọ́ bí ìka arúgbó.

Bàbá mi kò ní sọ̀rọ̀. Àmọ́ ó mọ ìlà tí olúkúlùkù kọ. Nígbà tí ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà wá tọrọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi ọmọ náà: “Ṣé ìwọ náà máa ń tètè parí iṣẹ́ bíi bàbá rẹ?” Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò fẹ́ ẹ.

(Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi nígbà tó dàgbà pé bàbá wa ṣàṣejù. Ó ní ọmọ náà kò jẹ nínú ìwà bàbá rẹ̀, olùkọ́ rere ló padà dà. Mo kọ èyí sílẹ̀ kí ẹ má baà fi iṣu nìkan yan ọkọ.)

Nítorí náà, wo ẹni náà níbi tí iṣẹ́ kì í ti í ṣe tirẹ̀. Wo bó ṣe ń bá ẹni tí kò lè san án padà sọ̀rọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀, ẹni tó ń fọ mọ́tò, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ tí kò nípò mọ́. Tún wo bó ṣe máa ń sọ ìtàn ìjà tó bá ẹlòmíràn jà. Tó bá jẹ́ pé nínú gbogbo ìjà rẹ̀, òun nìkan ló máa ń jàre, múra sílẹ̀, ìwọ lo kàn.

Ṣé èèyàn lè ní ìwà láìlọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí?

Nínú ẹbí mi, Kìrìsìtẹ́nì wà, Mùsùlùmí wà, àwọn tó ṣì ń bọ ohun tí baba wọn bọ wà. Mo ti yá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lówó. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ mi kì í sọ òtítọ́. Mo ti nà án títí. (Àwọn òbí náà máa ń wá.)

Mo wọ ọkọ̀ láti Kàbà lọ sí Lọ́kọ́ja. Ìyá kan àti ọmọkùnrin rẹ̀ jókòó tì mí. Awakọ̀ ní ọmọ náà ti tó san owó ìjókòó. Ìyá ní ọmọ ọdún mẹ́rin ni, àwọn ará ilé wọn ló máa ń ga. Awakọ̀ yíjú sí ọmọ, ó ní, “Ọ̀gá, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?” Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀. Ìyá wo ojú fèrèsé. Ọmọ ní, “Mẹ́rin.” Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó jẹ́ kó lọ. Kí a tó dé ìlú, ọmọ náà ka orúkọ tó wà lára gbogbo pátákó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà sókè ketekete, ìyá rẹ̀ sì ń fún un ní bisikíìtì kó lè dákẹ́.

Mo rántí bó ṣe kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀ kó tó dáhùn. Kó o tó tún mú pàṣán, rántí ibi tí tìrẹ ti kọ́kọ́ wojú rẹ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yẹn, Bàbá. Ṣé ẹ dá owó àwọn èèyàn padà?

Ọmọbìnrin tó ń ta gàrí ló bi mí. Mo ti ń retí pé ẹnì kan máa bi mí.

Mo ní ìwé tí mo ń kọ ọjà sí: orúkọ, ọjọ́, iye àpò. Mo jókòó tì í ní alẹ́ méjì, mo ṣírò kílò mẹ́ta mẹ́ta láti ọjọ́ tí mo ti rí sìmẹ́ǹtì lórí ìwọ̀n. Mi ò ka ti ìgbà tí mi ò tíì mọ̀. Ìyàwó mi ní kí n kà á, a jiyàn, mo sì kà á níkẹyìn. Àwọn tó wà nítòsí, mo lọ bá wọn nílé. Ọ̀kan gbàdúrà fún mi títí ojú fi tì mí. Ọ̀kan gba owó, ó sì lọ ròyìn mi káàkiri ọjà pé olè ni mí, mi ò sì rí ohun tí mo lè fi jà á níyàn. Àwọn mélòó kan wà tí orúkọ wọn kò pé nínú ìwé, bíi “Alhaji ọ̀nà oko” àti “ìyá onísòkòtò”. Tiwọn ṣì wà níbẹ̀ bíi gbèsè.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí abúlé ìyá Bùnú yẹn. Ó ń pa ẹ̀gúsí lórí ẹní. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Kò dá mi dúró, kò sì sọ pé kò tọ́pẹ́. Ó nu ọwọ́, ó gba owó náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó so ó mọ́ etí ìró. Ó ní, “Okun o,” ó sì padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀.

Nígbà tí kajú tún so, ó wá. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ru àpò, òun fúnra rẹ̀ sì gbé nǹkan kan dání tó fi aṣọ wé. Ìwọ̀n ni, irú èyí tí a máa ń fi kọ́. Ó ní kí wọ́n so ó mọ́ igi àjà ṣọ́ọ̀bù mi, kí wọ́n gbé àpò kọ́ ọ. Ó sún sẹ́yìn, ó ní kí n bọ́ síwájú wá kà á sókè.

Mo kà á. 52 ni.